Ẹ Bi Ìbọn Kí Ẹ Tó Ra Ọta

Ìbéèrè àwọn òǹkàwé, ìdáhùn Bàbá Àmọ́rà láti Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n ni mí, ṣùgbọ́n Houston ní Texas ni mo ń gbé láti ọdún mọ́kànlá. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó lọ sógun Bọ́má. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, wọ́n máa ń ṣàpèjúwe ìbọn tí wọ́n gbé rìn nínú ẹrẹ̀ fún wa, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi. Lọ́dún tó kọjá mo rí irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oníbọn kan tó ní láísẹ́ǹsì níbí, mo sì rà á: Lee-Enfield No. 4, ọdún 1943 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ibi ìdánrawò ni mo fẹ́ máa gbé e lọ, bóyá kí n sì fi pa àgbọ̀nrín kan tí àsìkò ọdẹ bá dé. Ọta ni ìṣòro mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní páálí ọta ológun àtijọ́ tó fẹ́ gbé fún mi ní pọ́ọ́kú. Wọ́n tẹ POF 64 sí ìdí àwọn kan, wọ́n tẹ DI Z 1943 sí ìdí àwọn kan. Ti ṣọ́ọ̀bù wọ́n ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi mìíràn tó ní Mosin-Nagant ti Rọ́ṣíà ní kí n má da ara mi láàmú, kí n wá mú nínú tòun, pé ìbọn ogun ni gbogbo wọn, ihò kan náà ni wọ́n ní. Bàbá, èwo ni kí n mú?*
— Ọmọ Ọdẹ, Houston

Ọmọ mi, ọmọ Ajílété, o ṣeun. Ọdẹ ni Ògúnlọlá tó tẹ ìlú wa dó, nítorí náà mi ò ní bi ọ́ léèrè ohun tí o fẹ́ fi ìbọn ṣe. Ṣùgbọ́n mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, owó ọta lo ń bi mí. O ò sọ nǹkan kan nípa inú ìbọn fún mi. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí o rà á? Ṣé nọ́ńbà ara bóòtù, irin tí à ń fà sẹ́yìn láti ki ọta bọ ìbọn, bá nọ́ńbà ara ìbọn mu? Báwo ni ojú ọ̀pá rẹ̀ ṣe rí tí o bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ṣé ó ń dán tàbí ó dà bí inú páìpù omi? Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń sọ irú ọta tí ẹnu ìbọn máa gbà.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe àmọ́rà, ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, nínú iṣẹ́ ológun kí n tó fẹ̀yìn tì sídìí oko kajú mi. Máàkì Fọ́ọ̀ là ń pe ìbọn tí o rà yẹn. Nígbà tí mo wọṣẹ́, ìbọn tuntun tí à ń pè ní FN ti gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ sójú ìjà, ṣùgbọ́n ó ṣì tò gbọọrọ nínú ilé tí à ń kó ohun ìjà sí, àwa ọmọdé ibẹ̀ ni wọ́n sì ń ní ká tú u, ká nù ún, ká tò ó padà. Mo lè di ojú mi tú u títí di òní.

Ká kọ́kọ́ lé ọ̀rẹ́ rẹ onímosin kúrò lọ́nà. Irọ́ ló pa fún ọ, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Ọta tìrẹ ń jẹ́ .303, tírì-ó-tírì lẹ́nu àwa sójà. Tirẹ̀ ń jẹ́ 7.62x54R. Òótọ́ ni pé orí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní sísanra, nǹkan bí ìdá 311 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mú. Ṣùgbọ́n orí nìkan kọ́ ni ọta. Ìkarahun idẹ tó gbé orí dání ló ń wọ ilé ọta nínú ìbọn, ìdí ìkarahun ti Rọ́ṣíà sì sanra ju ti tírì-ó-tírì lọ. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹnì kan, ẹlòmíràn ò lè wọ̀ ọ́. Ọta tí kò bá rọra wọlé fúnra rẹ̀, má fi bóòtù tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni 7.62 NATO, èyí tí FN ń jẹ: kò ní ètè, ìyẹn etí tó yọ yíká, ní ìdí rárá, orí rẹ̀ sì kéré sí ojú ọ̀pá tìrẹ.

Nígbà tó o bá wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, wo ara ọ̀pá ìbọn rẹ dáadáa. No. 4 ọdún 1943, tírì-ó-tírì ni wọ́n bí i. Àmọ́ ọgọ́rin ọdún ti kọjá lórí rẹ̀, ọwọ́ púpọ̀ ló sì ti kàn án. Àwọn kan ti yọ ọ̀pá irú ìbọn bẹ́ẹ̀, wọ́n fi òmíràn sí i. Àwọn ará Íńdíà pàápàá ṣe ọmọ ìyá Lee-Enfield kan ní Ishapore lẹ́yìn ọdún 1960 tó jẹ́ pé 7.62 NATO ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, á rò pé ti àtijọ́ ni. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin ni kí o gbà gbọ́. Má gba ẹnu ẹni tó tà á fún ọ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àlàfo wá kàn, èyí sì ni mo fẹ́ dúró lé lórí pẹ́ díẹ̀, nítorí mo ti jẹ̀bi rẹ̀ rí.

Ọta tírì-ó-tírì ní ètè ní ìdí. Ètè yẹn ló fi ń há sí ẹnu ilé ọta, bóòtù á wá tì í lẹ́yìn. Àyè tí ètè náà ní láàárín ojú bóòtù àti ẹnu ọ̀pá ni à ń wọ̀n. Ìwọ̀n àwọn ológun ni ìdá 64 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, kò sì gbọdọ̀ ju 74 lọ. Tí ó bá fẹ̀ jù, nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ara ìkarahun á lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ọta, ìdí rẹ̀ á máa sún sẹ́yìn, idẹ á wá fà láàárín méjì bí ìgbà tí ọmọdé ń fa ṣingọ́ọ̀mù. Tí ó bá fà tó, á já. Iná tó bá gba ibẹ̀ jáde, ojú ẹni tó ń yìnbọn ló wà nítòsí jù.

Bóòtù Máàkì Fọ́ọ̀ kì í ṣe ti gbogbo ayé. Wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ ìbọn kọ̀ọ̀kan ni, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi wà lára rẹ̀. Orí bóòtù gan-an ṣeé yọ, ó ní nọ́ńbà 0, 1, 2 àti 3, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ròkè ni ó ṣe ń gùn sí i, òun ni àmọ́rà fi ń dín àlàfo kù. Nígbà tí mo di ọmọ oṣù mẹ́rin nídìí iṣẹ́, wọ́n ní kí n nu ìbọn mẹ́fà. Kí n lè yára, mo yọ bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo dà wọ́n sínú báàsì kẹrosíìnì kan ṣoṣo. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n lu aago oúnjẹ. Nígbà tí mo nù wọ́n tán, èyí tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo ń kì bọ ìbọn tó bá wà níwájú mi. Gbogbo wọn wọlé. Gbogbo wọn pa dé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo dáwọ́ lé àsáró mi.

Lọ́jọ́ kejì ní ibi ìdánrawò, ọ̀kan nínú wọn dún lẹ́ẹ̀kẹta, sójà tó mú un dání kígbe, ó sì fi ọwọ́ bojú. Ọlọ́run yọ ọ́, èéfín àti èérún ẹ̀tù ni. Nígbà tí Sáájẹ́ǹtì fa bóòtù, ìdí ọta nìkan ló jáde bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, ara yòókù kù sínú ilé ọta. Sáájẹ́ǹtì ò nà mí. Ó ṣa ìkarahun tí ìbọn náà ti pọ̀ sẹ́yìn ní ìgbà kìíní àti ìkejì, ó tẹ wáyà tín-ínrín kan ní ṣónṣó bí ìwọ̀ ẹja, ó tì í bọ inú ìkarahun, ó fà á gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìdí. Ó mú ìka mi lé wáyà náà. Ní ibi tó tó ìbú ìka kékeré kan sí ìdí, wáyà há, bí ìgbà tí èékánná bá kan ojú ọgbẹ́. Lóde, idẹ náà ń dán, kò sí àpá kankan. Ó ní, "Ìwọ lo gbẹ́ kòtò yẹn."

Nítorí náà, kí o tó ra ohunkóhun, gbé ìbọn rẹ lọ fún oníṣẹ́ ìbọn tó ní irin ìwọ̀n fún tírì-ó-tírì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Kí ó wo bóòtù, kí ó wọn àlàfo, kí ó sì fi ìwọ̀n kan ẹnu ọ̀pá, nítorí ogun àti ìwẹ̀nù ti mú àwọn ọ̀pá kan gbòòrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó lè sọ̀rọ̀ páálí.

Páálí ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Àwọn tó ń yin tírì-ó-tírì káàkiri mọ POF ti àwọn ọdún yẹn dáadáa, Pákísítàn ló ti wá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí ọta tó ń pẹ́ kó tó dún. O fà á, apátí lu kápù, ohun kékeré tó ń gbiná ní ìdí ọta, o gbọ́ "kẹ́", kò sí nǹkan. O wá fẹ́ sọ ìbọn kalẹ̀ láti wo ohun tó dé. Gbàà! Mo ti gbọ́ irú ìdúró bẹ́ẹ̀ rí létí ara mi, pẹ̀lú ọta àtijọ́ mìíràn. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, ṣùgbọ́n ó gùn ju wákàtí lọ. Ẹni tó mú ìbọn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn padà láti bá mi sọ̀rọ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọ lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ọta yòówù, jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú síbi àmì, ka iye tó tó ìṣẹ́jú kan gbáko kí o tó ṣí bóòtù, má sì gbé ojú rẹ síbẹ̀. Èyí tó bá sì dún wúyẹ́, tí kò tì ọ́ léjìká bó ṣe yẹ, dúró. Ó ṣeé ṣe kí orí ọta ṣì wà nínú ọ̀pá. Èkejì tó bá bá a níbẹ̀ á fọ́ ìbọn. Má ra POF yẹn fún yíyìn.

DI Z 1943 sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. DI ni ilé iṣẹ́ Defence Industries ní Kánádà. Z yẹn ń sọ irú ẹ̀tù inú rẹ̀ fún ọ: nitrocellulose ni, kì í ṣe cordite, ẹ̀tù àtijọ́ àwọn òyìnbó. Bí o bá rí ọta tírì-ó-tírì àwọn òyìnbó tí kò ní Z, tí o tú u wò, wàá rí cordite nínú rẹ̀, ó tò gbọọrọ bí spàgẹ́tì tí a kò tíì sè. Àwa máa ń fi ọ̀kan dáná sìgá nígbà tí ọ̀gá ò bá sí nílé. (Má ṣe é.) Tí o bá tún rí VIIIZ níbì kan, fi sílẹ̀, wọ́n ṣe ìyẹn fún ẹ̀rọ ìbọn Vickers, ó sì ń yára jẹ ojú ọ̀pá ìbọn alágbékọ́. Ọta Mark VII tí wọ́n gbé jáde ní 1910 ni ti ìbọn tìrẹ: orí rẹ̀ wúwo tó grẹ́ìnì 174 (grẹ́ìnì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn orí ọta), ó sì ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 2,440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún un ni wọ́n ṣe ojú ìwòran tó wà lórí Máàkì Fọ́ọ̀. Fi nọ́ńbà 174 yẹn sọ́kàn, a óò padà síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọta tó ti wà láti ọdún 1943, bí orúkọ ẹni tó ṣe é ti wù kó dára tó, ta ló mọ ibi tó ti sùn? Gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sójú oòrùn, wo ọrùn rẹ̀, ibi tí idẹ ti di orí mú. Nígbà tí àwọn òyìnbó wà ní Íńdíà, tí òjò bá dé, wọ́n máa ń kó ọta sí ilé ẹṣin. Tí òjò bá lọ, wọ́n á bá ọrùn ọta tó ti là fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó di 1921 kí wọ́n tó rí àlàyé rẹ̀: ammonia láti inú ìtọ̀ ẹṣin ló ń jẹ idẹ tí wọ́n ti fà le nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Èyí tó bá ní ìlà bí irun lọ́rùn, èyí tí àwọ̀ ewé ti bò, èyí tí orí rẹ̀ ń mì tí o bá fi ìka yí i, sọ́tọ̀ ni. Tí o bá fẹ́ràn páálí náà nítorí bàbá bàbá rẹ, ra díẹ̀ kí o fi sínú gíláàsì. Ìyẹn náà tó ìdí ìrà.

Bí o bá wá yin èyíkéyìí nínú ọta ogun àtijọ́, kà á sí oníyọ̀, ohun yòówù kí ọ̀rẹ́ rẹ sọ. Nínú kápù ìdí ọ̀pọ̀ ọta ìgbà yẹn, wọ́n ń lo potassium chlorate. Tó bá jó tán, ó ń di iyọ̀ tó fara jọ iyọ̀ ọbẹ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá níbi tí ojú kò rí. Iyọ̀ ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ọ̀rinrin Houston tí mò ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ yẹn, kò yàtọ̀ sí ti Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kẹsàn-án. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ojú ọ̀pá á ti pọ́n. Ìpẹtà tó bá sì ti jẹ ojú ọ̀pá, kò ṣeé dá padà, o lè nù ún, ihò tó dá á wà níbẹ̀.

Òróró kì í yọ iyọ̀. Àṣìṣe àwọn tó fẹ́ràn òróró jù nìyẹn: wọ́n á da òróró lé iyọ̀ lórí, iyọ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́. Omi ló ń yọ iyọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a yọ bóòtù, kí a rí i dájú pé ilé ọta ṣófo, kí a fi àrọ há ẹnu ọ̀pá láti ẹ̀yìn, kí a wá da omi híhó gba inú rẹ̀, kẹ́tùlù kan gbáko, kí ó ṣàn gba ẹnu jáde. Omi híhó dára nítorí pé irin á gbóná, á sì gbẹ fúnra rẹ̀. Fọ ojú bóòtù náà. Lẹ́yìn náà, aṣọ gbígbẹ, kí o tó wá fi òróró kékeré. Ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ti aṣọ funfun gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá jáde ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kẹ́tùlù ìyá àwọn ọmọ mi ni mo lò lọ́jọ́ kan tí ti ibi iṣẹ́ bàjẹ́, títí di òní ni ó ń sọ pé tíì òun ń rùn bí ìbọn. Wá kẹ́tùlù tìrẹ.

Ó dáa, kí ni kí o rà? Èsì mi kúrú. Ra tuntun. Ilé iṣẹ́ Prvi Partizan ní Sẹ́bíà, tí wọ́n ń kọ PPU sára páálí rẹ̀, ṣì ń ṣe tírì-ó-tírì olórí líle, èyí tí irin bo òjé rẹ̀ dé ṣónṣó, grẹ́ìnì 174. Nọ́ńbà 174 tí mo ní kí o fi sọ́kàn nìyẹn: òun ló máa sún mọ́ ojú ìwòran ìbọn rẹ jù. Sellier & Bellot ti Czech náà ń ṣe ti grẹ́ìnì 180. Kápù wọn kì í ṣe oníyọ̀. Idẹ wọn sì jẹ́ irú èyí tí àwọn tó ń di ọta fúnra wọn lè tún lò, nítorí kápù rẹ̀ rọrùn láti yọ. Tí o bá ro owó tí wàá ná sórí kẹ́tùlù, aṣọ àti ọ̀pá tó bàjẹ́ mọ́ ọn, páálí pọ́ọ́kú yẹn kì í ṣe pọ́ọ́kú mọ́.

Fún àgbọ̀nrín, má lo olórí líle. Á gba inú ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́ gba aṣọ, ẹran á sá lọ kú sínú igbó níbi tí o kò ní rí i, orí ọta náà á sì tún máa lọ síbi tí o kò rán an. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ kà á léèwọ̀ fún ọdẹ, nítorí náà ka ìwé òfin ọdẹ ìpínlẹ̀ tí o bá ti fẹ́ ṣọdẹ. Ra olórí rírọ̀, tí òjé hàn ní ṣónṣó rẹ̀, grẹ́ìnì 150 tàbí 180. Irú orí tó ń fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Dum Dum lẹ́bàá Kàlìkọ́tà ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì fòfin dè lójú ogun ní ìlú Hague ní 1899. Olórí líle tí wọ́n fi dáàbò bo sójà, òun náà ni a kò gbọdọ̀ fi jẹ ẹran níyà: ẹran ní láti ṣubú síbi tí o ti yìn ín. Àmọ́ ibi tí ọta grẹ́ìnì 150 máa bà kò ní rí bákan náà pẹ̀lú ti 174. Dán an wò lórí bébà kí o tó wọgbó.

Má ra páálí ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ra ogún ọta péré. Yin márùn-ún, kí o dúró, kí o ṣa ìkarahun rẹ̀ jọ. Wo ìdí rẹ̀, bóyá kápù yọ jáde tàbí ó ní ihò. Wá wáyà tín-ínrín, tẹ̀ ẹ́ ní ṣónṣó, kí o ṣe bí Sáájẹ́ǹtì mi ṣe ṣe. Tí wáyà bá há níbì kankan, padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ìbọn, má yin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù.

Bá mi kí ọ̀rẹ́ rẹ onímosin. Sọ fún un pé tí ṣónṣó ọta rẹ̀ bá ní ọ̀dà fàdákà, irin ló wà nínú orí rẹ̀, kí ó má bínú tí ibi ìdánrawò bá gbé òòfà jáde tí wọ́n sì dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó sì ra kẹ́tùlù.

*Bàbá wa, ẹ kú ìdààmú wa. Mò ń palẹ̀ yàrá bàbá mi tó ti di olóògbé mọ́ níbí ní Ọ̀yọ́, mo sì bá agolo mílíìkì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọta idẹ mọ́kànlélógún ló wà nínú rẹ̀, gígùn tó ìka ọwọ́, àwọ̀ ewé ti bo púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká fi òòlù là wọ́n, ká ta idẹ fún àwọn onírin. Ọdẹ kan ládùúgbò ní òun máa tú ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà òun, pé ẹ̀tù òyìnbó lágbára ju ti ìbílẹ̀ lọ. Kí ni ká ṣe?*
— Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òòlù kalẹ̀. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká dojú rẹ̀ kọ òun? Ọta náà ń bẹ, ìbọn kò sí ńbẹ̀, ṣùgbọ́n kápù tó wà ní ìdí rẹ̀ kò mọ̀ bóyá apátí ló lu òun ni tàbí òòlù. Ẹ má sọ wọ́n síná pẹ̀lú. Bí ọta bá bú nínú iná, èérún idẹ ló máa ń fò kiri jù, ojú ni ó sì sábà máa ń wá.

Ti ọdẹ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ bá mi pè é, ẹ kà á sí i létí. Òótọ́ ló sọ pé ẹ̀tù òyìnbó lágbára jù, ibẹ̀ gan-an ni ikú wà. Ẹ̀tù dúdú tí ṣakabùlà ń jẹ, saltpetre ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, èédú 15, imí ọjọ́ 10. Ó ń jó pẹ̀lú èéfín púpọ̀, agbára rẹ̀ sì níwọ̀n tí páìpù alágbẹ̀dẹ lè mú mọ́ra. Ẹ̀tù inú ọta ológun, ìlọ́po ìlọ́po ni agbára rẹ̀, inú irin líle tí wọ́n dán wò ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá wọn ọ́n sínú ṣakabùlà bí ó ṣe ń wọn ẹ̀tù dúdú, ọ̀pá á là lábẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Mo ti rí ọwọ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kù sílẹ̀, ní oko kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ìka méjì. Ẹni náà ṣì ń fi wọ́n ta ayò.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí: ẹ gbé agolo náà síbi tó tutù tí ọmọ kò lè dé, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má fọ àwọ̀ ewé yẹn kúrò. Ẹ má gbé e gun ọ̀kadà lọ sí tẹ́ṣàn. Bí wọ́n bá dá yín dúró lójú ọ̀nà, àlàyé á pọ̀ ju ẹnu lọ. Kí ẹ̀yin àti olórí ẹbí tàbí baálẹ̀ àdúgbò lọ fi ẹnu sọ fún DPO, kí wọ́n wá gbé e fúnra wọn. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Òfin ìbọn wa ti wà láti 1959, kò sì gbà kí ọta máa gbé inú ilé láìsí ìwé àṣẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ogún bàbá.

*Bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí, Under-G ni mo ń gbé. Ibo ni mo ti lè ra irú Lee-Enfield yẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́? Mo fẹ́ fi kọ́ ara ògiri yàrá mi ni o, mi ò fẹ́ yìn ín.*
— Ọ̀dọ́ Ológun

Kò sí. Ìbọn ológun kì í ṣe ohun tí aráàlú ń rà ní Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ fún ògiri. Ohun tí òfin fàyè sílẹ̀ fún ni ìbọn ọdẹ bíi ṣọ́tígọ́ọ̀nù, ìyẹn náà pẹ̀lú láísẹ́ǹsì ọlọ́pàá. Ṣakabùlà pàápàá ní ìwé tirẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ọdẹ kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́. Bá káfíńtà sọ̀rọ̀ ní Ṣábó kí ó gbẹ́ ti igi fún ọ. Tó bá gbẹ́ ẹ tán, jẹ́ kí n rí àwòrán rẹ̀, màá sọ ibi tó ti ṣì í.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ fẹ́ kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, àwòrán ìdí ọta náà ti tó mi. Ẹnì kan fi ọta gidi sínú àpòòwé ránṣẹ́ sí mi ní oṣù tó kọjá, ó fi sítáǹpù sí i. Ọmọkùnrin tó gbé lẹ́tà náà wá ti fi gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jí, ó ní òun rò pé píìnì ìlẹ̀kùn ni.